Kọ́ọ̀pù Àísátù

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Igbó-Ọrà ni mo wà.

Èmi àti Àísátù, ọmọ Fúlàní, la jọ ń bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Nígbà tí mo bí ìbejì, tí ọmú mi ò tó wọn, òun ló ń fún Kẹ́hìndé lọ́mú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa ra kọ́ọ̀pù ọ̀tọ̀ fún un. Ó ní Bòròró ò gbọdọ̀ fẹnu kan tiwa mọ́. Mo gba kọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ Àísátù, mo fi mumi lójú gbogbo wọn. Ni ọ̀gá bá lé àwa méjèèjì.

Ọkọ mi ní kí n lọ tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin olùgbọ́, tí mo bá lọ, ṣé kí n ra kọ́ọ̀pù ọ̀tọ̀ fún Kẹ́hìndé náà?