Àmì Ara Igi Ilé Oníyọ̀

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Ẹ̀bá Odi,
Hallerode.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 1979.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Roswitha,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí káàdì rẹ gbà, mo dúpẹ́. Ara mi le, ọkàn ni kò le. Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì.

O bi mí pé ìgbà wo la ó gbé Ilé Oníyọ̀ dìde padà. Roswitha, a kò ní í gbé e dìde mọ́.

Ìwọ náà mọ ìtàn ilé wa. Bàbá ńlá wa tó ń ta iyọ̀ ló kọ́ ọ lọ́dún 1587, ó fi igi óákù ṣe egungun rẹ̀, ó fi amọ̀ dí àárín igi. Iná tó jó ìlú kò rí i jó, bọ́ǹbù ogun fò ó kọjá. Ọ̀nà mọ́tò ló wá ṣẹ́gun rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú ní kí a kó o kúrò lọ́dún 1972, Eckhart ọmọ mi ní kí n má sunkún, pé irú ilé yìí kì í kú, títú ni wọ́n ń tú u. Ó fi ilà tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà náà gbẹ́ sára igi kọ̀ọ̀kan hàn mí. Igi onílà mẹ́ta, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ onílà mẹ́ta ló ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá lè ka ilà lè tò ó padà.

A kó gbogbo rẹ̀ sí abà Detlef, ọkọ Sieglinde ọmọbìnrin mi. Eckhart lọ ṣiṣẹ́ ní Bremen, ó ń wá ilẹ̀ tí a ó tò ó sí. Ọdún méje ló fi wá a. Ní oṣù kẹrin, ó rí ọ̀kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ń mú gbẹ́nàgbẹ́nà bọ̀.

O mọ Detlef. Bó bá gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ tán ní Sátidé, á gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn. Ó ní kò yẹ kí àlejò bá igi náà nínú èéfín àti ihò kòkòrò. Ó mú ìfági, ó fá gbogbo rẹ̀ títí ó fi funfun bíi pákó tuntun, ó sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe gùn sí. Sieglinde ń bá a dì í mú. Èmi gan-an gbé kọfí lọ fún un níbẹ̀, mo ní ó káre. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà níbẹ̀, ó sì wọ́ lójú mi.

Nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà dé, ó yí igi kìíní, ó yí ìkejì, ó ṣí fìlà bí ẹni tó dé ibi òkú. Eckhart bèèrè ibi tí ilà wà. Detlef ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilà wo, àna mi? Ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi fá a."

Eckhart jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ pa á."

Sieglinde ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ìwọ tí o kò wá gbá abà yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọdún méje, ìwọ náà lo wá ń dá wa lẹ́jọ́?"

Eckhart kò fọwọ́ kan kọfí rẹ̀ tó fi lọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì. Sieglinde ní bí Eckhart bá ń bọ̀ ní Kérésìmesì, òun kò ní í wá. Eckhart náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí, ẹnu mi bó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Detlef fi ayùn gé igi náà, ó kó o wá fún mi pé òtútù ń bọ̀. Ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gún régé. Mo ki ọ̀kan bọ inú ààrò lánàá. O rántí òkè àjà tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí, tí a ti máa ń fi ahọ́n lá igi, tí ìyá wa fi ń nà wá? Iyọ̀ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ń ta pàràpàrà nínú iná. Yàrá gbóná dáadáa. Àga mẹ́ta ló yí ààrò ká, èmi nìkan ni mo jókòó.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bí Eckhart bá kọ̀wé sí ọ, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń bèèrè rẹ̀. Jọ̀wọ́, má sọ ohun tí mo fi ń yáná fún un.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ronú rẹ,
Walburga.