Kátẹ̀ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bàbá mi tí mo ń ṣàárò lójoojúmọ́,

Inú ń bí mi. Mi ò ní fi ìkíni dídùn bò ó mọ́lẹ̀, torí ẹ̀yin náà kì í fẹ́ kí wọ́n máa yí ọ̀rọ̀ po fún yín. Ọkọ̀ yín tún ti dúró, èmi ni mo sì dá a dúró.

Kò pẹ́ tí ẹ papò dà ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú. Àbúrò mi ọkùnrin ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ní rárá, ọkọ̀ tó ti ń kó iṣu àwọn ará Bessé wọ Ṣábẹ̀ẹ́ láti kékeré mi! Mo lọ sí Kútọnu, mo ra ẹ́ńjìnì míì. Ẹni tó tà á ní ọmọ ìyá kan náà ni ẹ́ńjìnì náà àti tiwa. Kò parọ́. Àmọ́ inú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí nínú tiwa.

Kátẹ̀ rẹ̀, abọ́ irin tí epo ń kójọ sí lábẹ́ ẹ́ńjìnì, ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Ibi tí ọ̀pá táyà iwájú ń gbà kọjá yọ gọngọ lára rẹ̀, ó ń gún irin tó dábùú abẹ́ ọkọ̀ wa, ẹ́ńjìnì ò sì jókòó. Mo gé e. Ẹnì kan tó ń jó irin pọ̀ ní àdúgbò Plateau bá mi dí i. Bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná, ojú ibi tó jó là, epo sì dà sílẹ̀ bí omi. Mo jókòó sínú epo yẹn, mo sunkún. Ṣé ẹ rí mi?

Ni mo bá tú kátẹ̀ ẹ́ńjìnì àtijọ́. Gbogbo ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló bá ti ẹ́ńjìnì tuntun mu! Mo jó nínú ìsọ̀ mẹkáníìkì wa, Bàbá, èmi nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé Ìyá mi, a forí lé ọ̀nà Ofè. Bí a bá ti ń gun òkè, iná pupa tó ń ṣọ́ epo á máa ṣẹ́jú. Bí a bá dé ibi títẹ́jú, á kú. Ìyá mi ní kí n dúró. Mo ní wáyà lásán ni. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń pa rédíò, tí ẹ ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe. Mi ò ṣe é, torí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ọkọ̀ ti yá. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà-gbà, ó sì kú.

Ìgbà tí mo tú u ni mo rí i. Mo pààrọ̀ kátẹ̀, mi ò pààrọ̀ páìpù tó ń fa epo inú rẹ̀. Kátẹ̀ yín jìn. Páìpù tó bá ẹ́ńjìnì tuntun wá kúrú. Ní òkè, epo á sá sẹ́yìn, páìpù á máa fa afẹ́fẹ́. Irin inú ẹ́ńjìnì ti ha ara wọn. Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi? Àbí ẹ kọ́ mi, tí mi ò gbọ́?

Mo kọ́kọ́ pinnu pé màá sọ fún àbúrò mi pé ará Kútọnu ló rẹ́ mi jẹ. Ìyá mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bí bàbá rẹ náà ṣe máa ń wí nìyẹn. Ẹ́ńjìnì méjì ni wọ́n bà jẹ́ kí wọ́n tó mọṣẹ́. Èmi nìkan ni wọ́n jẹ́wọ́ fún.”

Ẹ́ńjìnì méjì! Ẹ sì jẹ́ kí n máa rò pé inú ìyá yín lẹ ti mọ iṣẹ́ yìí wá. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe àṣìṣe, tí ojú ń tì mí, ẹ kàn ń wò mí ni. Kí ló dí yín lẹ́nu?

Àbúrò mi dé lánàá. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ba ẹ́ńjìnì jẹ́, pé mo rí iná pupa, mo sì ń lọ. Ó ṣì ní ká ta ọkọ̀. Mo ṣì ní rárá. Ó fún mi láyè di ìgbà tí iṣu bá tán lóko.

Màá tún un ṣe. Bí mo bá tún bà á jẹ́, màá tún sọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣàṣìṣe ni mo sin, Bàbá. Ẹni tó ba ẹ́ńjìnì méjì jẹ́ yẹn, òun gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ń fi ìfẹ́ bá yín jà.