Igi Tó Ba Ìyá Bọ́lá Léjìká

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ló kígbe "Olè!" nígbà tí ọkùnrin kan gbé iṣu wa sá. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ọjà Ipata ya bò ó. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Wọ́n ti ń gbé táyà bọ̀. Èmi tí mò ń kọ́ kíláàsì ọmọ-ẹ̀yìn Jésù, èmi náà gbé igi.

Ni Ìyá Bọ́lá bá ṣubú lé e. "Ẹ má pa á! Mo ti dárí jì í!" Igi mi ti ń bọ̀. Èjìká ìyàwó mi ló bà.

Ta ló rán obìnrin yìí níṣẹ́?

Nígbà tá a délé, bí mo ṣe ń fi omi gbígbóná jó èjìká náà, ó ní: "Bàbá Bọ́lá, tí kíláàsì rẹ bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, màá ní mo ṣubú ni."

Ì bá sàn kó gbá mi létí.