Ilà Tí Ẹ Fà Sórí Orúkọ Dọ́kásì

Bàbá mi àtàtà,

Ṣé ẹ gbàgbé ni, àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tí a bá bi ní ìbéèrè gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó jókòó. Bí ẹ ṣe ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀ lẹ máa ń bi mí ní katikísímù, èmi á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ omi yín lọ́wọ́. Nísinsìnyí èmi ni mò ń béèrè, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn.

Ìwé Orúkọ ìjọ wa ní Òkè-Ìsinmi wà níwájú mi lórí tábìlì. Láti ìgbà tí mo ti gbé e wá sí Dagenham ní ìlú òyìnbó níbí lẹ́yìn ìsìnkú yín, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ẹ ní ilé wa ló ń tọ́jú rẹ̀, pé ọwọ́ bàbá yín lẹ ti gbà á, pé èmi àkọ́bí ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Mo gbà á bí ènìyàn ṣe ń gba ẹrù tí kò ṣeé kọ̀. Mi ò ṣí i. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé, tí kò sí ìwé tí n kì í kà, mi ò ka ìwé ìlú mi.

Màmá Dọ́kásì ló jẹ́ kí n ṣí i. Ẹ ó rántí rẹ̀, ọmọ Rákélì, tí ilé wọn kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun àti Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ní Barking Riverside, lókè pátápátá, níbi tí ènìyàn ti ń rí odò láti ojú fèrèsé. Gbogbo Sátidé ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí i. Gbogbo Sátidé náà ló ń bi mí.

“Ọmọ Tíṣà, ṣé orúkọ mi wà nínú ìwé yẹn?”

“Ó wà níbẹ̀, mà.”

“O fojú ara rẹ rí i?”

“Mo rí i, Màmá.”

Irọ́ ni. Mo rò pé irọ́ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára ni.

Lóṣù tó kọjá, dókítà sọ fún Fẹ́mi pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe mọ́, àfi kí wọ́n máa tọ́jú ìyá rẹ̀ kí ìrora má pọ̀. Màmá ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé, kí wọ́n tẹ́ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun. Ọ̀sẹ̀ yìí ni Fẹ́mi pe pásítọ̀ ní Òkè-Ìsinmi. Ọ̀dọ́ ni, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò sọ̀rọ̀ burúkú. Ó kàn ní kí a fi fọ́tò ojú ìwé tí orúkọ Màmá wà ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ìgbìmọ̀ lè fọwọ́ sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, ẹ̀yìn ọgbà ibojì ni wọn yóò sin ín sí.

Mo mọ òfin náà. Ẹ ti sọ ìtàn rẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Nígbà tí àwọn bàbá ńlá wa di ọmọ ìjọ Lútéránì, ìlú tí wọ́n ti wá kò lù wọ́n, kò sun ilé wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ kú nínú wọn, Ìyá Sárà, àwọn ará ìlú ní àwọn ò ní ilẹ̀ fún un, kí Ọlọ́run rẹ̀ lọ gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Ìdílé mẹ́jọ gbé òkú náà lé ẹní, wọ́n rìn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n dé orí òkè tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí, wọ́n sin ín síbẹ̀. Wọn ò lè fi òun nìkan sílẹ̀ nínú igbó, ni wọ́n bá kọ́lé yí i ká. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì dé, lẹ́yìn náà ọjà, lẹ́yìn náà kòkó.

Ìtàn yẹn dùn mọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Lónìí ó ń bà mí lẹ́rù. Àwọn tí wọ́n fi ibojì dù, nígbà tí wọ́n ní tiwọn tán, ọgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe yí i ká.

Mo ṣí ìwé náà. Ọwọ́ yín ni, àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ sápá kan bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn. Ẹ kọ Rákélì, ẹ fa ilà sórí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Lẹ́yìn náà ẹ fi íǹkì mìíràn kọ ọ́ pé a ti gbà á padà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Dọ́kásì, ọmọ Rákélì. Ilà. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ilà náà.

Mo mọ ọdún yẹn, ọdún tí èèyi ń pa àwọn ọmọdé. Ẹ ti sọ ọ́ fún mi rí, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé àwọn ìyá kan gbé ọmọ wọn lọ sétí odò kí wòlíì Aládùúrà wẹ̀ wọ́n, pé ìjọ yọ wọ́n, àti pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọ́n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, a sì gbà wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè kúnlẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rántí rẹ̀. Ẹ̀yin, ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé ìjọ, ni kálàmù wà lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ béèrè, tí àwọn àgbà ní kí ẹ fi í sílẹ̀? Àbí ẹ ń rí ilà náà lọ́dọọdún, tí ẹ sì ń ṣí ojú ìwé kọjá? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń padà láti ọ̀nà oko nítorí kò dá yín lójú pé ẹ ti ti ilé adìẹ!

Mo wá orúkọ tèmi. Ó wà níbẹ̀, kò sí ilà lórí rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mi ò ti mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ nígbà tí mo bá ń gbàdúrà, kò sì sí ẹni tó bi mí. Màmá tó ń fi aṣọ funfun gbàdúrà láràárọ̀ ni a yọ.

Lánàá mo lọ sọ òtítọ́ fún un.

“Màmá, mo parọ́ fún yín. Mi ò ṣí ìwé náà rí. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí i pé wọ́n ti fa ilà sórí orúkọ yín.”

Fẹ́mi gbé ife tíì kalẹ̀. “Háà! Kí lẹ wí?”

Màmá bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. “Ìwọ ọmọ yìí, o rò pé mi ò mọ̀? Mo wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ fà á. Ó fẹnu fẹ́ ẹ kí íǹkì má tàn. Mo rò pé ó ń ṣe orúkọ mi lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Mo tilẹ̀ kí i pé ẹ ṣé, sà.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bi mí, mà?”

“Ilé yín ló yọ mí. Ẹnu ilé yín ni mo fẹ́ kí ó ti jáde pé mo wà níbẹ̀. Irọ́ rẹ dùn, àmọ́ kò lè gbẹ́ ilẹ̀.”

“Ẹ ṣáà wá ìwé míì, kẹ́ ẹ tún un kọ,” Fẹ́mi wí. “Ta ló máa mọ̀?”

“Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé ẹrù fàyàwọ́ ni mí tẹ́ ẹ máa jí gbé wọlé? Ọmọ Tíṣà, ọwọ́ rẹ ni ìwé wà. Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ti ìyá mi, kí o sì fi orúkọ ara rẹ sí i.”

Mo ní òfin sọ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lábẹ́ aṣọ ìbora, ó wo ojú mi. Bàbá mi, èmi ni mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni mo kúnlẹ̀ fún, àbí Ọlọ́run, àbí nítorí yín. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, “Ó tó. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù.”

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Mi ò pa ilà yín rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé a ti gbà á padà, pé òun kọ́ ló ṣẹ̀. Mo fi orúkọ mi sí i. Íǹkì tàn díẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀, mo sì sọ fún un pé Dagenham ni mo ti kọ ọ́, pé ìjọ kò péjọ, pé èmi tí ìwé wà lọ́wọ́ mi ni mo kúnlẹ̀. Ó ti dáhùn. Ó ní àwọn ti rí i, ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Ìyẹn nìkan.

Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò kọ̀, pé mo ti ba ìwé jẹ́ láìrí ilẹ̀ gbà fún un. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ń bínú. Èyí tó burú jù ni pé bóyá ẹ ò tilẹ̀ rí i rárá, bóyá kò sí ibì kankan tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá wà, tí Màmá sì dé ọ̀dọ̀ yín ṣáájú mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde fún un. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí ìfẹ́ yín kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ojú ọ̀run ti ń funfun lórí àwọn òrùlé àdúgbò Valence yìí. Mo pa àtùpà.