Ìlà Tó Ń Jó Lójú Gíláàsì

Màmá mi,

Ara mi le koko. Mímí hẹlẹhẹlẹ tí ẹ gbọ́ lórí fóònù yẹn, àtẹ̀gùn ni mo sáré gùn. Dókítà kàn ní kí n má gbẹ́rù mọ́ níbi iṣẹ́ ni, ni mo bá ra àlòkù ẹ̀rọ tó ń fi bí iná ṣe ń rìn hàn lójú gíláàsì, kí n lè máa jókòó tún rédíò ṣe.

Gíláàsì rẹ̀ ṣú. Mo fìbínú gbé e padà lọ bá bàbá tó tà á, àṣé èmi ni mi ò yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè. Mo wá fìka kan ẹnu wáyà rẹ̀, ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Mo pariwo pé, "Ọkàn mi rèé!"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Iná mànàmáná inú ògiri ló gba ara ẹ wọnú ẹ̀rọ yẹn, kì í ṣe ọkàn ẹ."

Ẹ bá mi kí ìyàwó mi. Bó bá béèrè, ẹ ní ọkàn mi ń lù dáadáa, mo fojú ara mi rí i.