Akáńtáǹtì Tí O Rán sí Ṣọ́ọ̀bù Búrẹ́dì Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ó ti tún ń fi rìn lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn. Ìwọ náà kò ní fẹsẹ̀ kọ o.

Akáńtáǹtì tí o gbà fún ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì mi dé. Ọmọ gidi ni, àmọ́ ìjókòó rẹ̀ pọ̀ jù. Kó ṣáà máa tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, kó máa mí kanlẹ̀. Mo ní owó ọmọ mi kò gbọdọ̀ ṣòfò, ni mo bá so épírọ́ọ̀nù mọ́ ọn nídìí, mo ní kó máa bá mi po fúláwà. Ó pò ó dáadáa, kí n má purọ́.

Ó wá ní kí n kó gbogbo rìsíìtì mi jáde. Ìwọ náà mọ̀ pé àlejò kì í dé kí èèyàn kó ìdọ̀tí sí pálọ̀. Ti ọjà tí mo tà nìkan ni mo fún un, mo tilẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Ti fúláwà, ti igi ìdáná, ti ààrò tí mo tún ṣe, mo kó wọn sínú àpò kan, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má baà rò pé onínàákúnàá ni ìyá rẹ. Ó ṣírò ṣírò, ó ní èrè mi pọ̀. Mo jó dé ẹnu ọ̀nà! Àfi ìgbà tó sọ iye owó orí tí ìjọba máa gbà lórí èrè yẹn. Bí mo bá ta ààrò pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù, kò lè san án. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún.

Bàbá rẹ ló tú àṣírí mi, ó lọ fa àpò náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Akáńtáǹtì wò ó títí, ó ní ṣé ẹni tó lọ rí dókítà ló ń fi ibi tó ń dùn ún pamọ́? Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gba òun nìyẹn, kì í ṣe fúláwà. Ó yọ àwọn ìnáwó yẹn kúrò nínú èrè, ó tún un ṣírò, owó orí wálẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi bọ́ nínú ewu. Ojú tì mí díẹ̀. Mo fún un ní búrẹ́dì gbígbóná, mo sì gba épírọ́ọ̀nù mi.

Ohun kan ló kù tí a ń jà lé lórí. Ó ní búrẹ́dì tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń jẹ èrè mi, kí n yọ ọ́ kúrò. Mo ní kó yọ ara ẹ̀ kúrò. Nítorí náà, jọ̀ọ́, máa fi owó búrẹ́dì náà ránṣẹ́, kí n lè sọ pé mo tà á ni.

Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ilé rẹ á tòrò. Tí kò bá sì sí owó lọ́wọ́, má yọ ara rẹ lẹ́nu, jẹ búrẹ́dì rẹ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ