Ṣédà Tó Fọ́ Kíláàsì Florence Lójú

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀,
                                        Igbó-Elérin, Okokomaiko,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù, 2025.

Afọlábí, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé oúnjẹ Ìbàdàn ń bá ọ lára mu? Mo ti mọ ìdáhùn. Ìyá rẹ fi àwòrán rẹ hàn mí lórí fóònù wọn, ò ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti kún. Inú mi dùn sí ìlera rẹ. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. O bulọ́ọ̀kì nọ́ńbà mi, ṣùgbọ́n bébà kò ṣeé bulọ́ọ̀kì, ìyá rẹ fúnra wọn ló sì máa fi èyí lé ọ lọ́wọ́.

Ohun tó bàjẹ́ nìyí, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀. Ètò tí o fi èdè kọ̀mpútà Java kọ fún kíláàsì Florence kò fi àwòrán kankan hàn lórí kọ̀mpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. O mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Adéọlá tí ẹ jọ kọ́ iṣẹ́ náà mọ̀, ó sì kìlọ̀ fún ọ. Ọkùnrin tó ta kọ̀mpútà fún wa l'Álàbá mọ̀ pé àpótí wọn ló jọra, káàdì àwòrán inú wọn ò jọra, kò sì fi pamọ́ fún ọ. Florence kò mọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò mọ̀. Bàbá Àjàní tó ni ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀, àfi ìgbà tí gbogbo wa jókòó tí à ń wo òkùnkùn.

Má sọ pé o ti gbàgbé ìdí tí èmi àti Florence fi gbé iṣẹ́ náà fún ọ. Adití ni àwọn ọmọ tí Florence ń kọ́ níṣẹ́. Bí a ṣe ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ló ń kọ́ wọn, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè la ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ sí méjì kí wọ́n lè rí ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. Àwòrán rẹ ló yẹ kó la á fún wọn. Bàbá Àjàní yá a ní ṣọ́ọ̀bù náà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ fojú rí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ná. Sátidé tó kọjá ni wọ́n wá rí i, àwọn àti ẹbí wọn.

Florence tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo ojú kọ̀mpútà dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n ohùn jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ó ń dún dáadáa, Afọlábí. O lọ gba ohùn yẹn sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, ò ń fi fọ́nnu fún mi pé bí ojúlówó ló rí. O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá. Nínú yàrá àwọn adití, ohùn nìkan ló ṣiṣẹ́.

Bàbá Àjàní bojú wo òkè. "Ṣé iná lọ ni?"

"Iná wà, Bàbá," ni mo fèsì.

"Adití lẹ pè jókòó, ariwo lẹ gbé fún wọn. Òkùnkùn ti pọ̀ nílé mi tẹ́lẹ̀, n kò rán yín lọ rà á l'Álàbá."

Ẹbí wọn bú sẹ́rìn-ín. Jídé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì, gbé ọwọ́ lé sípíkà, ó fọwọ́ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó ń gbọ̀n. Èyí tó burú jù ni ti Ọláídé, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú. Ó rí i pé gbogbo àwa tí à ń gbọ́ràn kọjú sí kọ̀mpútà, a sì ń fèsì sí nǹkan kan. Ó rò pé à ń rí ohun tí òun kò rí. Ó yíjú sí Florence, ó fọwọ́ bi í pé ṣé ojú òun náà ti ń lọ ni. Kò padà sí kíláàsì mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ mú un lọ yẹ ojú wò ní Ìbà, wọ́n ní ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Òun ni kò tíì gbà.

Mo pe Adéọlá. Ó ṣàlàyé fún mi pé ṣédà ni ìlànà kékeré tó ń sọ fún káàdì àwòrán bí yóò ṣe kun ojú kọ̀mpútà, àti pé gbogbo káàdì ló ní èyí tí agbára rẹ̀ ká, tí ẹ̀yin ń pè ní prófáìlì. Èyí tó ga jù lo kọ, torí òun ni láptọ́ọ̀pù tuntun rẹ gbé. Àwọn káàdì tòkunbọ̀ tiwa kò gbé e. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi káàdì pé kí lo lè gbé, á sì ti kọ èyí tó fúyẹ́ sílẹ̀ fún èyí tó bá ti darúgbó. Ìwọ dà bíi télọ̀ tó fẹ́ ránṣọ fún èèyàn mẹ́fà, tó wá lọ wọn ara rẹ̀ nìkan. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí o sì dán an wò l'Álàbá, èyí tí ọlọ́jà fi ń pàtẹ ni, kò tà á fún wa.

Adéọlá ní nígbà tí òun sọ ọ́, èsì rẹ ni pé, "Kọ̀mpútà ni kí wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe kóòdù mi." Ó tú ìwọ̀n tó ṣeé tú nínú iṣẹ́ náà fún mi. Àwọn káàdì náà ké o. Wọ́n ké pé àwọn kò lè gbé e. Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọ́n bá ké, kí ètò gbé igbe náà mì, kó máa lọ. Àìmọ̀kan kọ́ nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé igbe ń bọ̀ ló ń wá ohun tí yóò fi dí ẹnu.

Bàbá Àjàní ti fẹ́ fún àwọn oníbẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù náà. Florence ti ń kó púlọ́ọ̀gì sínú páálí. Mo lọ bá Bàbá, mo sì gba Sátidé kan péré sí i lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí.

Nítorí náà, wá. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́, wá fúnra rẹ. Jókòó ti kọ̀mpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bi káàdì wọn léèrè níkọ̀ọ̀kan, kọ ṣédà tí agbára wọn ká, kí o sì yọ ohun tó ń gbé igbe mì kúrò. Tí o bá ṣe tán, wàá tẹ̀ lé mi lọ sílé Ọláídé. Florence yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń fọwọ́ sọ pé, "Ojú rẹ kọ́, iṣẹ́ mi ni." Ìwọ lo máa sọ ọ́ fún un, ẹnikẹ́ni kò ní bá ọ sọ ọ́. Má mú ẹ̀bùn dání.

Bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n gbà láti jẹ́ iṣẹ́ yìí fún mi. Florence kò ní kí n kí ọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù. Tó bá lù tí n kò rí ọ, Adéọlá yóò gba iṣẹ́ náà, èmi àti Ọláídé yóò sì wọ ọkọ̀ Ìbàdàn wá bá ọ níbi iṣẹ́, níṣojú ọ̀gá rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kì í pẹ́ dé ibi tó bá ní òun ń bọ̀,

Bámikẹ́